Ìpè Kan Sí Ilé Ìyá Rẹ̀: Ọ̀ràn Theresa Saldana

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1982, fóònù dún nílé ìyá òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà kan, Theresa Saldana. Ọkùnrin kan ló pè. Ó ní olùrànlọ́wọ́ Martin Scorsese ni òun, olùdarí fíìmù tó ti lo Theresa nínú Raging Bull lọ́dún 1980. Ó ní wọ́n fẹ́ fi Theresa rọ́pò òṣèré kan nínú fíìmù kan ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ náà ń kánjú, àdírẹ́sì ilé rẹ̀ ní Los Angeles nìkan ló kù kí òun rí gbà. Màmá sọ ọ́ fún un.

Scorsese kò rán ẹnì kankan níṣẹ́. Ẹni tó pè ni Arthur Jackson, ará Aberdeen ní Scotland, tó ti lé ní ogójì ọdún, tí kò sì níṣẹ́ gúnmọ́ lọ́wọ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni kan ló sanwó fún tó fi rí nọ́ńbà màmá yìí. Nọ́ńbà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá a wá. Irọ́ tó fi gba àdírẹ́sì, òun fúnra rẹ̀ ló pa á.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi ìpè yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré kọjá kí wọ́n lè tètè dé ibi tí ọ̀bẹ ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ọdún 27 ni Theresa nígbà náà. Ọmọ ọjọ́ márùn-ún ló wà tí tọkọtaya tó tọ́ ọ dàgbà ní Brooklyn ti gbà á ṣọmọ. Iṣẹ́ òṣèré tó yàn, ẹ̀yin náà mọ̀ pé owó rẹ̀ kì í dájú: lónìí wọ́n á pè ọ́, ó lè tó ọdún kan kí wọ́n tó tún pè. Ìyá wo ni yóò gbọ́ pé ọ̀gá ńlá tún ń wá ọmọ òun, tí yóò ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé ẹ̀rí han òun? Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fa òwe yọ níbí pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani, kó dá òwe rẹ̀ padà sápò. Màmá yìí kò ṣe ohun tí ìyá mi tàbí ìyá tiyín kò ní ṣe. Ẹni tó ń dọdẹ ènìyàn mọ èyí dáadáa. Kì í lọ bá ọ̀tá rẹ láti wá ọ rí. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ ló ń lọ bá, á sì fi ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ọ ṣe kọ́kọ́rọ́.

Jackson kò bá Theresa pàdé rí. Ó kàn wo fíìmù kan tó ṣe lọ́dún 1980 ni, ní ìlú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ọkàn rẹ̀ sì lọ mọ́ ọn. Àrùn ọpọlọ ti ń bá a jà láti ìgbà èwe, ó ti gba ìtọ́jú rí, wọ́n sì ti lé e kúrò ní Amẹ́ríkà rí kó tó tún padà wá. Nínú orí rẹ̀, òun àti ọmọbìnrin tó rí nínú fíìmù yìí gbọ́dọ̀ pàdé ní ọ̀run. Bí wọn yóò ṣe débẹ̀ ni pé òun á pa á, ìjọba á sì pa òun náà. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sẹ́ ẹ.

Àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà pè é ní olólùfẹ́ òṣèré tó ya wèrè. Èdè wa náà sì fẹ́ kó wa sí ìdààmú níbí, torí ẹni tó fẹ́ràn òṣèré, olólùfẹ́ là ń pè é. Ẹni tó ń fẹ́ni sọ́nà náà, olólùfẹ́ ni. Èmi kò ní pe Jackson ní orúkọ yẹn nínú àkọsílẹ̀ yìí. Ẹran tí ọdẹ ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn òun, bẹ́ẹ̀ ni Theresa kò mọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọkùnrin kan ń rìn kiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ń pe àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ àti àwọn ẹbí rẹ̀, Theresa sì ń jí láràárọ̀, ó ń se oúnjẹ, ó ń lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1982 bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Theresa jáde nílé rẹ̀ ní West Hollywood láàárọ̀, ó ń lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ orin. Ọkùnrin kan wá bá a lẹ́bàá ọ̀nà, ó bi í bóyá òun ni Theresa Saldana. Ó ní òun ni.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa pé bí ohùn tí a kò mọ̀ bá pè wá lórúkọ, kí a má jẹ́. A rò pé ọ̀rọ̀ iwin àti òru ni. Ní ojúmọmọ, ní àdúgbò tó lójú, jíjẹ́ tí obìnrin yìí jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ ni àmì tí Jackson ń dúró dè. Ó gún un ní ọ̀bẹ nígbà mẹ́wàá. Ó ń fi agbára gún un débi tí irin ọ̀bẹ náà fi tẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń pín omi oní-jálá kiri ilé gbọ́ igbe, ó sá wá, ó fi ọwọ́ lásán di Jackson mú títí ọlọ́pàá fi dé. Èmi kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ìtàn yìí ì bá ti parí lójú títì yẹn.

Ọ̀bẹ náà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin nílé ìwòsàn. Àwọn ọgbẹ́ náà jinná bí ọgbẹ́ ṣe ń jinná, wọ́n fi àpá sílẹ̀. Kóòtù dá Jackson lẹ́bi ìgbìdánwò ìpànìyàn, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 12. Èyí tó pọ̀ jù tí òfin fàyè gbà nígbà náà nìyẹn, torí òfin California kò mọ ohun tí à ń pè ní dídọdẹ ènìyàn. Ọwọ́ tó gbé ọ̀bẹ sókè fún ìṣẹ́jú mélòó kan ni òfin rí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ẹsẹ̀ fi ń tọpa, tí ẹnu fi ń purọ́ lórí fóònù, tí ojú fi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kò wọ inú ìwé ẹ̀sùn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró.

Ibí yìí ni ẹjọ́ sì ti parí lójú ọ̀pọ̀ aráàlú. Wọ́n mú u, wọ́n tì í mọ́lé, obìnrin náà kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ̀yin tí irú ọ̀ràn yìí ti kàn rí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìdọdẹ bá ti dé ojú rẹ̀, ara ẹni tí wọ́n dọdẹ kì í gbàgbé. Agogo ẹnu ọ̀nà á dún, àyà á já kí ọpọlọ tó rántí pé ẹni tó ń pín lẹ́tà ni. Oorun á wá, á sì tún sá lọ ní aago mẹ́ta òru. Ènìyàn á máa ka iye ìgbà tí ọkọ̀ aláwọ̀ funfun kan ti kọjá níwájú ilé. Á yí ọ̀nà tó ń gbà lọ síbi iṣẹ́ padà, á pààrọ̀ nọ́ńbà, á pààrọ̀ ilé, títí ayé rẹ̀ yóò fi kéré tó ààyè tó lè rí gbogbo igun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á fò. Ojo kọ́ nìyẹn; ara rẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan ni, kò sì mọ bí yóò ṣe gbàgbé rẹ̀. Èyí tó burú jù ni ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ tó máa ń rù: Ṣé mo rẹ́rìn-ín jù ni? Ṣé aṣọ yẹn ni? Kí ló dé tí mo dá a lóhùn? Ní ti Theresa, ìgbéyàwó tó wà nínú rẹ̀ nígbà ìkọlù náà kò tọ́jọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó sì sọ ọ́ ní gbangba léraléra pé ẹ̀rù Jackson kò kúrò lára òun.

Ṣùgbọ́n kò jókòó sábẹ́ ẹ̀rù náà. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó pè ní Victims for Victims, àwọn tí wọ́n ti fara gba ìwà ipá tí wọ́n ń ran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fara gbà á lọ́wọ́. Ohun tó rí ni pé dókítà mọ bí a ṣe ń rán ara, ọlọ́pàá mọ bí a ṣe ń kọ ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó ti dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ rí nìkan ló lè jókòó tì ọ́ tí yóò ní, “Mo mọ̀,” tí wàá sì gbà á gbọ́. Lọ́dún 1984, wọ́n fi ìtàn rẹ̀ ṣe fíìmù fún tẹlifíṣọ̀n, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe ipa ara rẹ̀. Ó dúró níwájú kámẹ́rà, ó tún gbé ìran ọ̀bẹ náà ṣe. Mi ò mọ iye wa tó lè ṣe é. Mo máa ń rò ó pé obìnrin tí ẹlòmíì ti fi ojú inú rẹ̀ sọ di ère fẹ́ gba àwòrán ara rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó sọ ara rẹ̀ di olówó rẹ̀ ni.

Jackson ńkọ́? Ẹlẹ́wọ̀n ní àkókò. Ó ní bébà, ó ní bírò, sítáǹpù kò sì wọ́n. Láti inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti ń kọ lẹ́tà pé òun kò tíì parí iṣẹ́ òun. Ọgbà tí wọ́n tì í mọ́ ló wá di ibi tó ti ń dọdẹ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà: ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ń sùn, ẹni tó wà níta ń ṣọ́nà.

Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, wọ́n ní. Ogun yìí ni wọ́n sọ tẹ́lẹ̀, wọ́n tún kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n buwọ́ lù ú. Síbẹ̀, ní ọdún 1989, ìwé ẹ̀wọ̀n fi hàn pé Jackson ti fẹ́ lò ó tán. Bí òfin ṣe ń dín ọjọ́ kù fún ẹlẹ́wọ̀n, ọdún 12 ti di nǹkan bíi méje. Oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n dá fún ìtúsílẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún kan náà yìí ni Theresa tún ìgbéyàwó ṣe, tó sì di ìyá ọmọ. Obìnrin tó ń tọ́jú ìkókó ní láti tún máa lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, kó máa bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, kó máa bẹ ìjọba pé ọkùnrin tó ń lérí láti pa òun, ẹ má ṣe ṣí ilẹ̀kùn fún un. Iṣẹ́ tó yẹ kí ìjọba ṣe ni wọ́n gbé lé ẹni tó ń sá fún ikú lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí ju ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ lọ. Wọ́n sún ọjọ́ ìtúsílẹ̀ náà síwájú nítorí ìwàkiwà tó hù nínú ọgbà. Àtúnṣe bíńtín ni.

Àárín àsìkò yìí gan-an, ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1989, ni ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní Los Angeles. Rebecca Schaeffer, òṣèré ọmọ ọdún 21 tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ nínú eré tẹlifíṣọ̀n My Sister Sam, wà nílé rẹ̀, ó ń retí kí wọ́n kó ìwé eré wá fún un. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ló fi jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá ṣílẹ̀kùn. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan láti Tucson ní Arizona, Robert John Bardo, ló bá níbẹ̀. Ó ti ń kọ lẹ́tà sí i láti bí ọdún mẹ́ta. Lọ́dún 1987, ó ti gbé òdòdó àti béárì oníwúlì lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ya eré náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì dá a padà. Rebecca bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní kó má padà wá mọ́. Bardo lọ jẹun ní ilé oúnjẹ kan nítòsí, ó padà wá, ó tẹ agogo lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí Rebecca ṣílẹ̀kùn, Bardo yìnbọn fún un láyà.

Báwo ni Bardo ṣe mọ ilé rẹ̀? Ó ti ka ìtàn Theresa Saldana nínú ìwé ìròyìn. Ó kà nípa Jackson, ó kà nípa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni, ló bá lọ wá tirẹ̀ ní Tucson, ó san dọ́là 250. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gba àdírẹ́sì Rebecca láti ọ́fíìsì ìjọba California tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, torí nígbà yẹn, ẹni tó bá ti san owó táṣẹ́rẹ́ lè gba àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọdún méje lẹ́yìn ìpè sí ilé ìyá Theresa, ihò kan náà ṣì wà lára ògiri. Ẹni tó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ wọlé ti di olùkọ́ fún ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ yí padà kíákíá lẹ́yìn èyí. Lọ́dún 1990, ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá Los Angeles dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tó ń bójú tó ìhàlẹ̀ àti ìdọdẹ nìkan. Lọ́dún yẹn kan náà ni California ṣòfin tó sọ dídọdẹ ènìyàn di ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1991. Ikú Rebecca nìkan kọ́ ló fà á. Àwọn obìnrin mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ti kú ní Orange County láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lọ́wọ́ ọkọ tàbí ọ̀rẹ́kùnrin tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀, tí àwọn kan nínú wọn sì ní ìwé kóòtù lọ́wọ́ pé kí ọkùnrin náà má sún mọ́ wọn. Àwọn yẹn ló pọ̀ jù nínú ọ̀ràn yìí níbi gbogbo láyé. Ẹni tó ń dọdẹ obìnrin, ẹni tó mọ̀ rí ni lọ́pọ̀ ìgbà: ọkọ àtijọ́, ẹni tó bá a ṣiṣẹ́, ẹni tó ti sọ fún pé rárá. Lọ́dún 1994, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà wá fòfin dí ihò ọ́fíìsì ọkọ̀ yẹn.

Ní ti Jackson, wọ́n tún gbé e lọ sí kóòtù nítorí àwọn lẹ́tà náà, wọ́n sì fi ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́jọ kún ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn náà ń tán lọ, wọ́n fà á lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1996, torí ó ti jẹ́wọ́ pé òun pa ọkùnrin kan níbi ìdigunjalè ní báńkì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ìgbà náà. Oṣù Kìíní ọdún 1997 ni kóòtù Lọ́ńdọ̀nù rán an lọ sí Broadmoor, ilé ìwòsàn tí wọ́n ń ti àwọn alárùn ọpọlọ tó léwu mọ́. Ọdún 1997 yìí kan náà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tirẹ̀ lórí fífòòró ènìyàn. Jackson kú síbẹ̀ ní 2004. Láti ọjọ́ tí Theresa ti jẹ́ orúkọ rẹ̀ lójú títì títí di ọjọ́ tí ó lè sọ pé ọkùnrin yìí kò sí láyé mọ́, ọdún 22 ni.

Ní Nàìjíríà tiwa, ọdún 2015 ni dídọdẹ ènìyàn wọ inú òfin àpapọ̀, nínú òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn àti nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin wà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọmọbìnrin kan dé àgọ́ ọlọ́pàá, kó ní ọkùnrin kan ń dúró de òun lẹ́nu ọ̀nà lálaalẹ́, ó ń fi nọ́ńbà oríṣiríṣi pe òun, ó tẹ̀ lé òun dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé, “Kí lẹ jọ ní pọ̀ tẹ́lẹ̀?” Bó bá délé, ẹ̀gbọ́n kan á ní kó fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, àbúrò ìyá kan á rẹ́rìn-ín pé ọkùnrin tó bá fẹ́ràn ni ló ń da ara rẹ̀ láàmú bẹ́ẹ̀. A ti fi ìforítì ọkùnrin kọrin pẹ́ débi pé a kì í gbọ́ “rárá” obìnrin mọ́. Nọ́ńbà wa náà sì wà káàkiri: nínú ìwé tí oní-POS ń kọ, lẹ́nu ẹni tí a sọ ọ́ sókè fún nígbà tí a fẹ́ ra káàdì, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tí ẹnì kan bẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nọ́ńbà rẹ̀, a jọ ń ṣe nǹkan kan ni.” Kò sí ẹni tó ń bi wọ́n pé nǹkan wo. Kò sí ẹni tó ń ní, “Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi í ná.”

Theresa padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti 1991 sí 1996 ló fi ṣe Rachel, ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá, nínú eré tẹlifíṣọ̀n The Commish, ó sì ṣe é débi tí wọ́n fi yàn án mọ́ àwọn tí ẹ̀bùn Golden Globe lè bọ́ sí lọ́wọ́. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹni tó fẹ́ pa á ṣì wà láàyè, ó ṣì ń ka ọjọ́. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló pa Theresa ní Los Angeles ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2016, ọmọ ọdún 61 ni. Nígbà tí àwọn oníròyìn ń kéde ikú rẹ̀, wọ́n dárúkọ Raging Bull, wọ́n dárúkọ The Commish, ọ̀bẹ ọdún 1982 sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.